Ṣé bí dókítà ṣe rán ojú abẹ ló ń sọ bí àpá rẹ̀ yóò ṣe rí?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Kò sí oníṣẹ́ abẹ kan tó lè jiyàn èyí. Ohun tí àwọn dókítà ń bá ara wọn fà láti ọjọ́ pípẹ́ ni bí ojú àpá náà ṣe lè súnmọ́ ojú ara tó, àti ohun tó ń pinnu rẹ̀ gan-an. Ṣé ọwọ́ tó di abẹ́rẹ́ mú ni, àbí òwú tó wà lẹ́nu abẹ́rẹ́, àbí awọ ara ẹni tó dùbúlẹ̀ sórí tábìlì?

Ọ̀rọ̀ náà ju ti ẹwà lọ. Obìnrin tó fi iṣẹ́ abẹ bímọ, ọkùnrin tí wọ́n yọ kókó lọ́rùn rẹ̀, ọmọdé tó ṣubú tí iwájú orí rẹ̀ là, gbogbo wọn ni yóò gbé àpá náà kiri títí ayé. Fún àwa aláwọ̀ dúdú, àpá tí kò dára lè ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára lọ. Ó lè wú, kó máa yún, kó máa dunni lóru, kó sì máa tóbi sí i lọ́dọọdún.

Ní Bonapriso, àdúgbò àwọn rí-ṣe ní ìlú Douala lórílẹ̀-èdè Cameroon, orúkọ tí dókítà máa pe irú àpá tó wú bẹ́ẹ̀ ni "chéloïde". Bonapriso wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bonanjo tí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba pọ̀ sí. Àwọn tó mọ ìlú náà mọ̀ ọ́n mọ́ Rue Njo-Njo àti ọjà òdòdó tí wọ́n ń pè ní Marché des Fleurs. "Bona" nínú èdè Duala túmọ̀ sí àwọn ọmọ tàbí ìran ẹnì kan, ìyẹn ni pé bí a bá fẹ́ sọ ọ́ ní tiwa, Agboolé Priso là bá máa pè é.

Yorùbá tó bá ń gbé Douala, tàbí Cotonou, tàbí Lomé, ti mọ ìṣòro mìíràn tó so mọ́ ọ̀rọ̀ yìí: èdè. Dókítà á ní òun fẹ́ fi "surjet intradermique" ran ojú abẹ, ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ á sì mi orí bíi pé ó yé òun. Bẹ́ẹ̀ gbólóhùn yẹn ló ń sọ bóyá ojú òwú yóò hàn lára rẹ̀ tàbí kò ní hàn. Ó yẹ kí èèyàn mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí òun lára kó tó buwọ́ lùwé.

Oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rán ọgbẹ́

Awọ ara kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tó wà lókè pátápátá fẹ́lẹ́, ó sì máa ń yára jiná. Èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló nípọn, òun ló lágbára, inú rẹ̀ sì ni àpá ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ ìyẹn ni ọ̀rá wà. Nítorí náà, nígbà tí dókítà bá fẹ́ pa ojú abẹ dé, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá awọ òkè nìkan ni yóò rán, tàbí yóò kọ́kọ́ fi òwú tó máa ń yọ́ fúnra rẹ̀ so èyí tó wà nísàlẹ̀.

Ọ̀nà tó gbajúmọ̀ jù, tí gbogbo ọmọ iléèwé ìṣègùn kọ́kọ́ máa ń kọ́, ni ríran lọ́kọ̀ọ̀kan: wọ́n á ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, wọ́n á ta kókó, wọ́n á gé òwú, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Èdè Faransé ń pè é ní "points séparés". Ó dára níbi tí ọgbẹ́ bá ti dọ̀tí, tàbí tí etí rẹ̀ kò bá gún régé, torí bí ibì kan bá ń ṣọyún, dókítà lè tú òwú kan ṣoṣo kí ìyókù má tú. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n máa fa òwú kan náà lọ láìgé e títí tó fi dé ìparí. Ìyẹn yá, ṣùgbọ́n bí òwú náà bá já níbì kan, gbogbo rẹ̀ ló dẹ̀.

Èyí tí wọ́n ń pè ní "Blair-Donati" lọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ Faransé ni abẹ́rẹ́ ti máa ń wọlé lẹ́ẹ̀mejì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan: ó kọ́kọ́ jìnnà sí etí ọgbẹ́, lẹ́yìn náà ó súnmọ́ ọn. Ó lágbára gan-an, ó sì máa ń gbé etí ọgbẹ́ sókè díẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ pẹ́ jù, òun ló máa ń fi ojú òwú sílẹ̀ jù lọ, èyí tó máa ń dàbí ojú irin rélùwéè lára èèyàn.

"Surjet intradermique" ní tirẹ̀ ni ríran abẹ́ awọ. Òwú náà kì í jáde síta rárá àfi ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí. Inú awọ ìsàlẹ̀ ló ń rìn, lọ sọ́tùn-ún, bọ̀ sósì, bí télọ̀ ṣe máa ń ká etí sòkòtò láì jẹ́ kí òwú hàn níta. William Halsted, oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní òpin ọ̀rúndún 19, wà lára àwọn tó sọ ọ̀nà yìí di gbajúmọ̀. Òun ni ọ̀pọ̀ obìnrin tó fi iṣẹ́ abẹ bímọ máa ń bèèrè fún lónìí, bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Kí ni ìwádìí sọ?

Láti mọ èyí tó dára jù, àwọn olùwádìí ní ọgbọ́n kan tó rọrùn. Wọ́n á mú ojú abẹ kan ṣoṣo lára ẹnì kan ṣoṣo, wọ́n á pín in sí méjì, wọ́n á ṣẹ́ kèké láti mọ ìdajì tí wọ́n máa fi ọ̀nà kan rán àti èyí tí wọ́n máa fi ọ̀nà kejì rán. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, dókítà mìíràn tí kò mọ ohun tí wọ́n ṣe á wá wo àpá náà, á sì fún ìdajì kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Ara kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni. Ìyàtọ̀ tó bá wà, bí wọ́n ṣe ràn án ló fà á.

Dókítà Daniel Eisen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Davis wà lára àwọn tó ti ṣe irú ìwádìí yìí jù. Àwọn èsì kan tí wọ́n rí kò bá ohun tí wọ́n ń kọ́ni ní iléèwé mu.

Fún àpẹẹrẹ, ó ti pẹ́ tí àwọn olùkọ́ ti ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ pé kí wọ́n rí i dájú pé etí ọgbẹ́ yọ sókè díẹ̀ bí wọ́n bá rán an tán, nítorí pé yóò padà sọ̀ kalẹ̀, àpá náà yóò sì tẹ́jú. Lọ́dún 2015, ikọ̀ náà tẹ èsì ìwádìí kan jáde tó fi ìdajì tí etí rẹ̀ yọ sókè wé ìdajì tí etí rẹ̀ tẹ́jú. Nígbà tí wọ́n padà wo àpá náà, wọn kò rí ìyàtọ̀ tó ṣe gúnmọ́ láàárín wọn. Lọ́dún 2019, wọ́n tún gbé ìbéèrè mìíràn yẹ̀ wò: bí dókítà bá rán ọgbẹ́ ojú tàbí ọrùn ní mílímítà 2 sí 2, ṣé àpá rẹ̀ yóò dára ju èyí tí wọ́n rán ní mílímítà 5 sí 5 lọ? Kò dára jù ú lọ. Àkókò dókítà nìkan ni ríran tó súnmọ́ra jù yẹn ń jẹ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀nà ló rí bákan náà. Lọ́dún 2010 ni Dókítà Jonathan Kantor kọ nípa ọ̀nà kan tó ń gbà rán awọ ìsàlẹ̀, níbi tí abẹ́rẹ́ ti ń wọlé láti abẹ́ awọ tó sì ń jáde lábẹ́ awọ náà, tó jìnnà díẹ̀ sí etí ọgbẹ́, láìfọwọ́ kan etí náà rárá. Nígbà tí ikọ̀ California fi í wé ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n máa ń gbà ri òwú mọ́ abẹ́ awọ, ọ̀nà Kantor ló gbégbá orókè ní ti bí àpá ṣe rí. Èyí fi hàn pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tí ojú kò tó, ṣe pàtàkì ju àwọn kókó òwú tí èèyàn ń kà lójú dígí lọ.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ìbímọ ti ẹ̀ kan ilé ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2014, kó àwọn obìnrin 746 jọ. Wọ́n fi òwú rán abẹ́ awọ àwọn kan, wọ́n sì fi irin kéékèèké, irú èyí tí wọ́n fi ń de ìwé pọ̀, de ti àwọn yòókù. Nínú àwọn tí wọ́n fi òwú rán, ìdá 4.9 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọgbẹ́ wọn ní ìṣòro. Nínú àwọn tí wọ́n fi irin dè, ó jẹ́ 10.6. Ìyàtọ̀ tó pọ̀ jù ni ti kí ojú ọgbẹ́ ya padà. Ní ti bí àpá ṣe rí lójú, ìyàtọ̀ tí wọ́n rí kò tó nǹkan. Irin náà yá ju òwú lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà kan fi fẹ́ràn rẹ̀.

Nígbà mìíràn sì rèé, ó lè jẹ́ pé kí wọ́n má rán an rárá ló dára. Lọ́dún 2002, ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn èèyàn tó ní ọgbẹ́ kékeré lọ́wọ́, tí gígùn rẹ̀ kò tó sẹ̀ntímítà 2. Àwọn tí wọ́n rán tiwọn àti àwọn tí wọ́n kàn fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì wé e, àpá wọn rí bákan náà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Àwọn tí wọn kò rán ni ìrora wọn kéré, tí wọ́n sì tètè lọ sílé.

Àmọ́ awọ ara ta ni wọ́n fi ṣe ìwádìí?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan Douala, Ìbàdàn àti Porto-Novo. Púpọ̀ nínú àwọn ìwádìí tí wọ́n ti pín àpá sí méjì yìí, ara àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n ti ṣe é, àwọn àgbàlagbà tí wọ́n yọ àrùn jẹjẹrẹ awọ ara fún. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àpá pàápàá ní àbùkù tirẹ̀ fún wa. Èyí tí wọ́n ṣe ní Vancouver lórílẹ̀-èdè Canada lọ́dún 1990 ń bèèrè bóyá àpá náà pọ́n. Lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n kì í tètè hàn. Ohun tí èèyàn máa ń rí ni pé ojú ibẹ̀ dúdú ju ara yòókù lọ, tàbí ó funfun jù ú lọ. Dókítà tí kò bá mọ̀ ọ́n wò lè fún àpá tó ń yọni lẹ́nu ní máàkì tó dára.

Ìwọ̀n mìíràn tó ti Netherlands wá, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2004, sàn jù ú lọ torí ó fún aláìsàn fúnra rẹ̀ ní ìwé tirẹ̀ láti kọ: ṣé ó ń yún ọ, ṣé ó ń dùn ọ́, ṣé ó le, ṣé àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ara rẹ? Èrò dókítà àti èrò ẹni tó ni ara kì í fi ìgbà gbogbo bára mu. Èyí kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Ní ti Yorùbá, ojú wa mọ àpá dáadáa. Ìran tó ń fi pélé, àbàjà, gọ̀ǹbọ́ àti kẹ́kẹ́ mọ ọmọ ilé ẹni mọ̀ pé àpá ṣeé darí. Iṣẹ́ olóólà ni pé kí àpá hàn, kí ó dúró, kí ó sì gún. Kì í rán ojú ilà. Ó ń fi í sílẹ̀ kó jiná fúnra rẹ̀, ó sì ń fi omi ìgbín rọ ọ́. Òdìkejì iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni dókítà ń ṣe, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ló mọ̀ pé ara ọmọ kan kì í bá ti èkejì mu. Lónìí, òfin ẹ̀tọ́ àwọn ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2003 ti ka ilà kíkọ sára ọmọ léèwọ̀.

Lọ́dún 1973, Dókítà P. Omo-Dare tó jẹ́ onímọ̀ ìṣègùn ní Èkó kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà nípa ohun tí Yorùbá fi kún ìmọ̀ nípa kílọ́ìdì, ìyẹn àpá tó wú kọjá ààlà ọgbẹ́. Ohun tó gbé kalẹ̀ ni pé Yorùbá ti mọ̀ nípa àìsàn yìí tipẹ́tipẹ́ kí àwọn dókítà Yúróòpù tó sọ ọ́ lórúkọ. Jean-Louis Alibert, dókítà kan ní Paris, ló fún un ní orúkọ "chéloïde" ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún èékánná alákàn, torí bó ṣe ń na ẹsẹ̀ sí awọ tí ọgbẹ́ kò dé. Ọdún kan lẹ́yìn Omo-Dare, J. O. Oluwasanmi, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara ní Ìbàdàn, kọ tirẹ̀ nípa kílọ́ìdì lára ọmọ Áfíríkà. Nítorí náà, nígbà tí dókítà ní Bonapriso bá ń pe "chéloïde", orúkọ Paris ló ń pè, ṣùgbọ́n apá kan nínú ẹ̀kọ́ tó wà nídìí rẹ̀, láti Èkó àti Ìbàdàn ló ti wá.

Ibi tí awọ bá ti ń fà

Kì í ṣe gbogbo àpá tó wú ni kílọ́ìdì. Àpá kan wà tó máa ń wú ṣùgbọ́n tí kì í kọjá ibi tí ọgbẹ́ dé. Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, ó sábà máa ń rọlẹ̀. Kílọ́ìdì ní tirẹ̀ kì í dúró síbi tí wọ́n là. Ó máa ń wọ àwọn ibì kan lára ju ibòmíràn lọ: etí tí wọ́n lu, àárín àyà, èjìká, òkè apá, abẹ́ àgbọ̀n níbi tí irùngbọ̀n ti ń hù. Kì í sábà sí lójú ìpéǹpéjú, bẹ́ẹ̀ ni àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀.

Rei Ogawa, oníṣẹ́ abẹ ní iléèwé ìṣègùn Nippon ní Tokyo, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ibi tí awọ bá ti ń fà sọ́tùn-ún sósì nígbàkígbà tí èèyàn bá mí tàbí tó gbé ọwọ́, ibẹ̀ ni kílọ́ìdì máa ń fẹ́ràn. Àyà kì í sinmi. Ìpéǹpéjú kò ní ohun tó ń fà á. Etí nìkan ni kò bá àlàyé yìí mu tán, torí awọ etí kì í fà bíi ti àyà. Níbẹ̀, lílu etí léraléra àti ọgbẹ́ tó ń kẹ̀ nídìí yẹtí ni wọ́n máa ń tọ́ka sí.

Láti inú ìmọ̀ yìí ni ọ̀nà ríran rẹ̀ ti jáde. Kì í fi òwú òkè fa etí ọgbẹ́ pọ̀. Ó máa ń lọ sísàlẹ̀, ó kọjá ọ̀rá, ó mú ìbòrí iṣan tó le, ó sì so ìyẹn pọ̀ pẹ̀lú òwú tó nípọn. Bí ìyẹn bá ti dì, etí ọgbẹ́ lókè á ti pàdé ara wọn láìfi agbára fà wọ́n. Òwú tó kù lókè, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó kàn mú ojú ọgbẹ́ dọ́gba. Ọ̀nà yìí gba àkókò, ó sì gba òwú púpọ̀.

Ìlànà mìíràn tó ṣáájú Ogawa ni pé kí dókítà mọ ibi tí yóò gba abẹ rẹ̀ kó tó là. Lọ́dún 1861, Karl Langer ní Vienna fi irin roboto gún awọ òkú káàkiri, ó sì rí i pé àwọn ihò náà kò rí roboto. Wọ́n gùn, wọ́n sì kọjú síbì kan náà ní ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan. Awọ ara ní ibi tó ń fà sí, bí aṣọ òfì ṣe ní òròó àti ìbú. Abẹ tó bá tẹ̀lé ìlà náà, etí rẹ̀ kì í ya. Èyí tó bá dábùú rẹ̀, yóò máa ya ni. Ìdí kan nìyẹn tí ojú abẹ ìbímọ tí wọ́n là ní ìbú, lókè irun abẹ́, ọ̀nà tí Hermann Pfannenstiel ará Jámánì kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1900, fi sábà máa ń ní àpá tó dára ju èyí tí wọ́n là láti ìdodo sísàlẹ̀ lọ. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu tí àkókò kò sí, dókítà lè là á ní òòró, kò sì sẹ́ni tó máa dá a lẹ́bi.

Ohun tó yẹ kí ẹ sọ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ

Bí kílọ́ìdì bá wà nínú ẹbí yín, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó gbé abẹ. Kì í ṣe ohun ìtìjú, dókítà kò sì lè mọ̀ ọ́n bí ẹ kò bá sọ. Ẹ fi èyí tó wà lára yín hàn án: etí, àyà, ibi tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó lè yí ibi tí yóò gba abẹ padà, ó lè yí bí yóò ṣe rán an padà, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àpá kó tó di pé ó wú.

Fún kílọ́ìdì tó ti wà nílẹ̀, kí èèyàn kàn gé e kúrò kí wọ́n sì rán an dáadáa kò tó. Ọwọ́ tó dára jù lọ láyé kò lè fi òwú nìkan dá a dúró. Nínú oríṣiríṣi ìwádìí, láti nǹkan bí ìdajì títí dé gbogbo wọn tán ni kílọ́ìdì ti padà wá lára àwọn tí wọ́n gé e fún láìfi ohunkóhun kún un, ó sì lè tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi máa ń gún oògùn triamcinolone sínú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà síra wọn, tàbí kí wọ́n fi ìtànṣán sí ojú abẹ náà láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tàbí kí wọ́n fún ẹni tó ní i létí ní ohun tí yóò máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ní òun máa gé kílọ́ìdì yín lọ́sàn-án òní, kí ẹ sì máa lọ, láìsọ ohun tó máa tẹ̀lé e, ẹ dìde níwájú rẹ̀.

Ẹ bèèrè nípa òwú pẹ̀lú. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní agbègbè wa, aláìsàn tàbí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni wọ́n máa ń fún ní ìwé pé kó lọ ra ìbọ̀wọ́, òwú àti báńdéèjì wá láti ilé oògùn. Òǹkà òdo ló wà lára páálí òwú: bí òdo bá ṣe pọ̀ tó ni òwú ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó. Èyí tí wọ́n kọ 6-0 sí ni ti ojú. 3-0 tàbí 4-0 ni wọ́n sábà ń lò fún ara. Bí ẹni tó ń tajà bá ní 6-0 ti tán, kó mú 3-0, ẹ padà lọ béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ẹ tó sanwó. Ní ti òwú tó ń yọ́ fúnra rẹ̀ àti èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ yọ, ìwádìí tí wọ́n ṣe lára àwọn ọmọdé tí ojú wọn là fi hàn pé àpá wọn kò yàtọ̀ síra. Òbí tó ti di ọmọ ọdún mẹ́ta mú kí nọ́ọ̀sì lè yọ òwú lójú rẹ̀ yóò mọ èyí tí òun fẹ́.

Lẹ́yìn tí dókítà bá ti ṣe tirẹ̀

Bí wọ́n ṣe rán an kò ní àǹfààní bí wọ́n bá gbàgbé òwú sára. Láti ọdún 1958 ni George Crikelair, oníṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara ní Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ pé kì í ṣe irú òwú tàbí irú abẹ́rẹ́ ló ń fi ojú òwú sílẹ̀ lára jù, bí kò ṣe bí wọ́n ṣe so ó le tó àti iye ọjọ́ tí wọ́n fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, awọ á bẹ̀rẹ̀ sí í hù wọ inú ihò tí òwú gbà kọjá, ihò náà á sì di tara. Èyí ló ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn ní ibi, torí wọ́n rìnrìn àjò, tàbí owó ọkọ̀ kò sí, tàbí wọ́n rò pé bó bá pẹ́ ni yóò jiná dáadáa. Ti ojú, ọjọ́ 5 sí 7 ni wọ́n sábà ń yọ ọ́. Ti orí, ọjọ́ 7 sí 10. Ti ikùn, ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ lè tó ọjọ́ 10 sí 14, torí ibẹ̀ ń fà, kì í sì í tètè jiná.

Àmọ́ pé wọ́n ti yọ òwú kò túmọ̀ sí pé ọgbẹ́ ti lágbára. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, agbára ojú ọgbẹ́ kò ju nǹkan bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún agbára awọ tí kò ní ọgbẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó tó nǹkan bí 20. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó lè dé 80, kì í sì í ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́ láéláé. Ẹni tó ru àpò sìmẹ́ńtì tàbí tó gbé garawa omi sórí ní ọ̀sẹ̀ kejì, awọ ìsàlẹ̀ ló ń fà ya, bí òkè rẹ̀ tilẹ̀ ti pa dé. Àpá náà á wá fẹ̀, ẹ̀bi á sì lọ sọ́rùn ẹni tó rán an.

Ohun kan tí kò wọ́nwó tó sì ní ẹ̀rí lẹ́yìn ni téèpù bébà, èyí tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn. Ìwádìí kan ní Australia tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2005 ní kí àwọn obìnrin tó fi iṣẹ́ abẹ bímọ máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú àpá fún ọ̀sẹ̀ 12. Àpá tó wú kéré lára wọn ju ti àwọn tí kò lẹ nǹkan kan lọ. Iṣẹ́ tí téèpù náà ń ṣe kò ju pé kò jẹ́ kí awọ máa fà. Awẹ́ sílíkónì náà wà, ó wọ́nwó jù, wọ́n sì ní láti wọ̀ ọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́ fún oṣù mélòó kan. Òòrùn máa ń mú kí àpá tuntun dúdú sí i, nítorí náà kí wọ́n bò ó.

Àpá kì í dá ẹjọ́ rẹ̀ láàárín oṣù kan. Ní oṣù kejì sí ìkẹta ni ó máa ń rí burúkú jù, tó máa ń le, tó sì máa ń yún. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sáré lọ ra ìpara ìbóra ní àkókò yìí. Ọ̀pọ̀ nínú ìpara bẹ́ẹ̀ ni oògùn tó lágbára wà nínú rẹ̀ tó lè sọ awọ tó yí àpá ká di fẹ́lẹ́, kó sì jẹ́ kí àpá náà hàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọdún kan ni àwọn dókítà máa ń dúró kí wọ́n tó sọ pé àwọn fẹ́ tún àpá kan ṣe. Èyí tó bá ń kọjá ààlà ọgbẹ́ kí ọdún náà tó pé nìkan ni kì í dúró. Òun ni kí wọ́n gbé padà lọ kíákíá, nígbà tó ṣì kéré tí abẹ́rẹ́ oògùn ṣì lè wọ inú rẹ̀.